Lẹ́tà ṣíṣí sí ọ̀gá ilé-ìwé ọmọ mi: Ẹ dá ọ̀sán Ọjọ́rú padà fún àwọn ọmọ

Sí Alhaja, ọ̀gá àgbà ilé-ìwé girama kékeré ti ìjọba tí ọmọ mi ń lọ ní Ìlọrin, àti sí àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ilé-ìwé náà.

Alhaja, àsàláàmù àléékúmù. Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, ẹ kú ariwo wọn. Ọlọ́run á máa fún yín lókun.

Mi ò dárúkọ ilé-ìwé síbí o. Ẹ̀yin mọ̀ pé ẹ̀yin ni mò ń bá wí, àwa òbí náà mọ̀, ó tó. Ohun tó jẹ́ kí n kọ ọ́ síta ni pé mo wá sí ọ́fíìsì yín, akọ̀wé ní ẹ wà ní mítíìnì. Mo fi lẹ́tà sílẹ̀, kò sí èsì. Mo pe alága PTA lórí fóònù, ó ní kí n ní sùúrù, pé ire àwọn ọmọ ni wọ́n ń wá. Mo ti ní sùúrù títí táàmù fi dé ìdajì. Àwọn òbí tó ní ọmọ nílé-ìwé ìjọba ní Ọ̀fà, ní Òmù-Àrán, ní Àjàṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kà á, torí ohun tí wọ́n bá ṣe gbé níbí lónìí, kò ní pẹ́ dé ọ̀dọ̀ tiyín.

Ìwé ìkéde ojú kan ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, èyí tí ẹ fi rán àwọn ọmọ sílé nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Fọ́tókọ́pì ni, íńkì rẹ̀ ti ń parẹ́ lápá kan, òǹtẹ̀ ilé-ìwé wà nísàlẹ̀. Ó ní láti ìsinsìnyí lọ, kò sí eré ìdárayá àti ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ mọ́ lọ́sàn-án Ọjọ́rú. Lésìn ló máa rọ́pò wọn, láti Ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́bọ̀, aago méjì sí aago mẹ́rin, dandan ni fún gbogbo ọmọ, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà ní táàmù. Ọmọ tí máàkì rẹ̀ ní ìpíndọ́gba kò bá tó 50 kò gbọ́dọ̀ sáré fún ilé-ìwé, kò gbọ́dọ̀ gbá bọ́ọ̀lù fún un, kò gbọ́dọ̀ wà nínú ẹgbẹ́ kankan. Kò sí ìdíje eré sísá láàárín háùsì lọ́dún yìí, kò sì sí ìrìn-àjò afẹ́. Ẹ kọ ìdí rẹ̀ sí ìlà kan péré: àwọn ọmọ ń ṣeré jù.

Bó ṣe yé mi nìyí, kí n tó máa tò ó lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹ gba ọ̀sán Ọjọ́rú lọ́wọ́ àwọn ọmọ, ẹ wá ń tà á fún àwa òbí wọn.

1. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ti owó. Girama kékeré, JSS 1 sí JSS 3, ara ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ọlọ́dún mẹ́sàn-án ni. Òfin UBE, òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2004 ní ọ̀fẹ́ ni, dandan sì ni, fún gbogbo ọmọ tó bá wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama kékeré. Òfin yẹn ka àwọn ohun tó yẹ kó jẹ́ ọ̀fẹ́: ìwé, ohun èlò ìkọ́ni, yàrá ìkàwé, àga àti tábìlì, àti oúnjẹ ọ̀sán. (Oúnjẹ ọ̀sán! A ò tíì bèèrè ìyẹn lọ́wọ́ yín.) Ó tún ní ẹni tó bá gba owó lórí rẹ̀ ti dẹ́ṣẹ̀ sófin, ìtanràn tí kò ju ₦10,000 lọ, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta, tàbí méjèèjì pọ̀.

Mo mọ ohun tí ẹ máa fi dá mi lóhùn, pé lésìn kì í ṣe owó ilé-ìwé. Tó bá jẹ́ ẹni tó wù ló ń ṣe é, ẹnu mi á wọlé. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò san, ẹ̀ ń lé e jáde ní kíláàsì tí aago méjì bá ti lù, orúkọ rẹ̀ á sì wà lára bọ́ọ̀dù títí di ọjọ́ kejì. Ọmọ ará ilé wa kan dúró sẹ́nu géètì títí aago mẹ́rin nínú oòrùn, torí olùkọ́ ò jẹ́ kó jókòó, gétímáànù ò sì jẹ́ kó máa lọ sílé. Èmi san tèmi, torí mi ò fẹ́ kí ọmọ mi dúró síbẹ̀. Ẹ wá wo rìsíìtì tí ẹ fún mi: “owó ìtìlẹ́yìn PTA” ni wọ́n kọ síbẹ̀, wọn ò kọ lésìn. Bí owó yẹn bá mọ́, kí ló dé tí ẹ ò kọ orúkọ rẹ̀ gan-an?

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Olùkọ́ tó ń kọ́ wọn ní aago mọ́kànlá òwúrọ̀ náà ló ń kọ́ wọn ní aago méjì ọ̀sán. Mi ò fẹ̀sùn kan ẹnì kankan nínú wọn, mo mọ bí owó oṣù ṣe rí. Ṣùgbọ́n tí èèyàn bá ń rí owó lórí ohun tó bá ṣẹ́ kù di ọ̀sán, díẹ̀díẹ̀ ni ohun tó ń ṣe láàárọ̀ á máa dín kù. Ọmọ mi ti ń sọ ọ́ báyìí: “Mọ́mì, wọ́n ní a máa parí ẹ̀ ní lésìn.”

2. Ẹ ní eré ń gba àkókò ẹ̀kọ́. Alhaja, ẹ̀kọ́ ni eré yẹn. PHE, ẹ̀kọ́ eré ìdárayá àti ìlera, wà nínú iṣẹ́ tí ìjọba là kalẹ̀ fún gbogbo ọmọ girama kékeré. Bẹ́ẹ̀ náà ni Cultural and Creative Arts, tó kó orin, ijó, eré orí ìtàgé àti àwòrán yíyà pọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ pẹ́ mọ èyí jù mí lọ.

Mo ṣí ìwé PHE ọmọ mi lálẹ́ ọjọ́ kan. Ó kọ ọ́ dáadáa, ó fi rúlà fa ìlà sí i: pápá bọ́ọ̀lù àfọwọ́jù, gígùn 40 mítà, ìbú 20 mítà, agbábọ́ọ̀lù méje ní apá kọ̀ọ̀kan. Olùkọ́ ti fi bírò pupa sàmì sí i pé ó dára. Mo bi í pé, “Ṣé o ti gbá a rí?” Ó wò mí bíi pé mo bi í bóyá ó ti dé Mọ́sálásí Mẹ́kà rí. “Rárá o. Wọ́n kàn kọ ọ́ sí bọ́ọ̀dù fún wa ni.” Pápá yín sì rèé, ẹ̀yìn fèrèsé kíláàsì wọn gan-an ló wà. Koríko ti dé orúnkún níbẹ̀, ewúrẹ́ ló ń jẹ̀ lójú góòlù.

Ẹnìkan ti kó búlọ́ọ̀kù jọ sí igun pápá náà lápá títì. Tó bá jẹ́ pé ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n fẹ́ kọ́ síbẹ̀, ẹ sọ fún wa nísinsìnyí. A ti rí i níbòmíràn bí ilé-ìwé ṣe ń dín kù ní àdínkù títí yóò fi ku kíláàsì àti géètì.

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní ó kéré tán, kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa lo ara rẹ̀ gidi fún ọgọ́ta ìṣẹ́jú lóòjọ́. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, tí Kwara náà ti gbà wọlé, fún ọmọ lẹ́tọ̀ọ́ sí ìsinmi àti eré. Àwọn tiwa ń jókòó láti àárọ̀ títí di aago mẹ́rin. Ẹ̀yin náà ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò lórí bẹ́ǹṣì wọ̀nyẹn.

3. Èyí ló ká mi lára jù, ẹ jẹ́ kí n farabalẹ̀ sọ ọ́. Òfin máàkì 50.

JSS 2 ni ọmọ mi wà. Ó ń sáré. Nínú réléè, òun ló máa ń gba igi gbẹ̀yìn fún háùsì wọn. Máàkì rẹ̀ ní ìpíndọ́gba ní táàmù tó kọjá jẹ́ 46, Máàtì ló fà á sílẹ̀. Nítorí náà, gẹ́gẹ́ bí ìwé yín, kò gbọ́dọ̀ sáré mọ́.

Lọ́dún tó kọjá, tó bá ti di alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọmọ yìí á fọ kánfáàsì rẹ̀, á sá a sẹ́yìn ilé, á fi ṣọ́ọ̀kì kùn ún kó lè funfun. Láàárọ̀ Ọjọ́rú, òun ló máa ń jí mi. Ohun tí ẹ ò mọ̀ ni pé olùkọ́ eré yín ní òfin tirẹ̀: ẹni tí kò bá parí iṣẹ́ àṣetiléwá kò ní bọ́ sí pápá lọ́jọ́ yẹn. Ọmọ mi, tí mo máa ń na kó tó ṣí ìwé Máàtì, wá ń wá ẹni tó máa ràn án lọ́wọ́ káàkiri àdúgbò ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọkùnrin yẹn fi eré fà á sídìí ìwé. Ẹ̀yin wá gba eré kúrò, ìwé náà sì bá a lọ. Ní báyìí, orí ló máa ń fọ́ ọ ní gbogbo Ọjọ́rú.

Kí ọmọ tí kò mọ̀wé tó má ṣe ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe, títí á fi mọ̀wé: bíi pé èèyàn ní kí aláìsàn má fẹnu kan oúnjẹ títí ara rẹ̀ á fi yá. Àwọn wo ló kù nínú ẹgbẹ́ àríyànjiyàn báyìí? Àwọn tó ti ń dáhùn ìbéèrè ní kíláàsì tẹ́lẹ̀ náà ni. Ọmọ tí òyìnbó ń há sí lọ́fun, tó jẹ́ pé ibẹ̀ ni ì bá ti kọ́ bí a ṣe ń dìde sọ̀rọ̀ níwájú èèyàn, ẹ ti lé e lọ.

Mo tún wo káàdì èsì ọmọ mi dáadáa. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ pé 40 ni ọmọ gbọ́dọ̀ ní kó tó lè lọ sí kíláàsì tó kàn. Ìyẹn ni pé 46 tó láti wọ JSS 3, kò tó láti fi sáré ọgọ́rùn-ún mítà. Ta ló ṣírò ìyẹn?

Ní ìpínlẹ̀ wa yìí kan náà, wọ́n fi orúkọ Rashidi Yekini pe pápá ìṣeré ńlá tó wà ní Ìlọrin. Ọmọ Ìrà ni, nítòsí Ọ̀fà níbẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n fún Nàìjíríà ní ife ẹ̀yẹ àgbáyé, nígbà tí wọ́n pàdé Bulgaria ní oṣù kẹfà ọdún 1994. Kò sí ẹni tó dàgbà tó nígbà yẹn tí kò rántí bó ṣe di àwọ̀n náà mú tó ń sunkún. A ń fi orúkọ agbábọ́ọ̀lù pe pápá, a wá ń ti pápá mọ́ àwọn ọmọ. Mi ò ní kí gbogbo wọn di Yekini o, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ò ní jẹ́ nǹkan kan nídìí eré. Ṣùgbọ́n ilé-ìwé ìjọba ni ibi kan ṣoṣo tí ọmọ tálákà ti lè mọ̀ bóyá ó lè sáré. Ọmọ olówó ní ilé-ìwé aládàáni tó ní ibi ìlúwẹ̀ẹ́.

4. Ti àwọn ọmọbìnrin. Télọ̀ ni mí, ọ̀dọ̀ mi sì ni olùkọ́ eré yín gbé aṣọ háùsì wá lọ́dún tó kọjá. (Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé owó iṣẹ́ tí mo pàdánù ló ń bí mi nínú. Owó yẹn kò ju owó òwú àti epo ẹ̀rọ lọ.) Àwọn bàbá kan ti ní ọmọ àwọn ò ní wọ ṣòkòtò péńpé sáré níta, èmi náà ò sì bá wọn jiyàn. A jókòó, a rò ó. Mo rán ṣòkòtò gígùn, ẹ̀wù tí apá rẹ̀ dé ọrùn ọwọ́, àti hìjáàbù kékeré tí mo fi rọ́bà dì lábẹ́ àgbọ̀n kó má baà fò nínú atẹ́gùn. Mo dán rọ́bà yẹn wò lórí ọmọ mi lójú títì kí ọkàn mi tó balẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n sáré, àwọn ọmọbìnrin tó jáde pọ̀ débi pé aṣọ ò tó. Bàbá kan tó ti lérí pé òun ò ní gbà, ẹ̀gbẹ́ ìlà gan-an ló dúró sí, ó ká agbádá rẹ̀ léjìká, ó ń pariwo “Sá! Sá!” títí ohùn rẹ̀ fi há. Tí ẹ bá fi ọdún kan ti ìyẹn pa, àwọn ọmọkùnrin ṣì máa rí bọ́ọ̀lù gbá ní àdúgbò. Àwọn ọmọbìnrin ò ní ibòmíràn.

5. Ilé kéwú. Ìlọrin la wà, ẹ jọ̀ọ́. Aago mẹ́rin ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa gbọ́dọ̀ ti wà níwájú áfáà wọn. Lésìn tó ń parí ní aago mẹ́rin túmọ̀ sí pé ọmọ ò ní dé ilé, kò ní jẹun, kò ní bọ́ yúnífọ́ọ̀mù, á sì pẹ́ dé ibẹ̀, wọ́n á nà án. Áfáà ọmọ mi ti ránṣẹ́ sí mi lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì náà ní iṣẹ́ tó ń ṣe fún ìyá rẹ̀ lọ́jà. Kò sí ẹni tó bi wá léèrè kí ẹ tó mú aago yẹn.

6. Ìrìn-àjò afẹ́. Èsìẹ́ ni wọ́n ní àwọn ọmọ máa lọ. Ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà níbẹ̀ ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà, ọdún 1945 ni wọ́n ṣí i, ère òkúta tó wà nínú rẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Èèyàn ń ti òkè òkun wá wò wọ́n. Àwa tí ọkọ̀ máa gbé débẹ̀ láàárọ̀ tí a ó sì padà kí ilẹ̀ tó ṣú, inú ìwé Ìtàn la ti ní kí ọmọ wa wo àwòrán rẹ̀, àwòrán dúdú-ún-dúdú tí ẹ ò lè mọ imú yàtọ̀ sí ẹnu. Àwọn òbí kan ti san owó ọkọ̀ kí ìwé yín tó jáde. Ẹ dá a padà.

7. Ta ló fọwọ́ sí i? Ìwé yín ní “PTA ti fohùn ṣọ̀kan.” Mi ò rí ìpàdé, àwọn òbí tí mo bi léèrè ò rí ìpàdé. Alága àti akápò kì í ṣe PTA. Ìjọba tún ní kí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ní SBMC, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé-ìwé, tí òbí, olùkọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde àti aṣojú ìlú máa wà nínú rẹ̀. Bí tiyín bá wà, ẹ lẹ orúkọ wọn mọ́ ara ògiri kí a lè mọ ẹni tí a ó bá sọ̀rọ̀.

Alhaja, mo mọ̀ pé èsì BECE, ìdánwò àṣekágbá JSS 3, ló ń kó ìpayà bá yín. Ẹnìkan lókè ti fìyẹn halẹ̀ mọ́ yín, mo mọ bí iṣẹ́ ìjọba ṣe ń rí. Mi ò sì gbàgbé pé láti ìgbà tí ẹ ti dé, àwọn ọmọ ò pẹ́ dé ilé-ìwé mọ́, ilé ìgbẹ́ àwọn obìnrin sì ní ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n tí èsì ò bá dáa, ẹ jẹ́ ká wo ibi tó ti bàjẹ́. Ẹ lẹ èsì náà síta ní iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan láìdárúkọ ọmọ kankan. Mo lè fẹ́rẹ̀ẹ́ búra pé Máàtì ló wà nísàlẹ̀ pátápátá, torí olùkọ́ Máàtì kan ṣoṣo ló ń kọ́ gbogbo JSS 2, láti A dé E. Ọ̀sán Ọjọ́rú kò lè bí olùkọ́ kejì. Tí ẹ bá fẹ́ kọ̀wé sí iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ Kwara pé ẹ nílò olùkọ́, ẹ gbé e wá, àwa òbí á bá yín fọwọ́ sí i, a ó bá yín gbé e lọ.

Ohun tí a ń bèèrè rèé. Kí eré àti ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ padà sí ọ̀sán Ọjọ́rú, láti Ọjọ́rú tó ń bọ̀. Kí òfin 50 kúrò. Tí ẹ bá fẹ́ òfin, ẹ mú ti olùkọ́ eré yẹn, iṣẹ́ àṣetiléwá kí ọmọ tó bọ́ sí pápá, òun la rí tó ṣiṣẹ́. Kí lésìn di ti ẹni tó bá fẹ́, kó parí ní aago mẹ́ta, kí ẹnikẹ́ni má sì lé ọmọ jáde torí owó. Kí ẹ ṣàlàyé búlọ́ọ̀kù orí pápá fún wa. Kí owó Èsìẹ́ padà sọ́wọ́ àwọn tó san án, tàbí kí ọkọ̀ gbéra. Ti ìdíje háùsì, tí owó ò bá sí, ẹ sọ fún wa. Èmi á rán aṣọ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dún yìí, kí ẹ ṣáà ra aṣọ àti rọ́bà.

Kí ẹ sì pe ìpàdé gbogbo òbí, ní ọjọ́ Sátidé, kí ọlọ́jà lè wá. Tí ìpàdé yẹn ò bá wáyé kí táàmù yìí tó parí, ẹ̀dà lẹ́tà yìí máa lọ sí iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ àti sí ọ́fíìsì SUBEB, àjọ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ìpínlẹ̀ wa, ní Ìlọrin, pẹ̀lú fọ́tókọ́pì àwọn rìsíìtì tó wà lọ́wọ́ wa.

Èmi ni,
Ìyá ọmọ JSS 2 kan,
Ìlọrin.